Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Àròkọ Alárìíyànjiyàn – Ológbò Aládùúgbò

ÌFÁÀRÀ

Nínú gbogbo oríṣìí àròkọ tí a ti yẹ̀ wò nínú ìwé yìí, àròkọ alárìíyànjiyàn ni ó máa ń ba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́rù jù. Kò sì yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Bóyá ni ọmọ Yorùbá kan wà tí kò tíì jókòó rí níbi tí àwọn àgbà ti ń parí ìjà. Ènìyàn méjì jà. Bàbá àgbà pè wọ́n. Ó gbọ́ tẹnu èkínní, ó gbọ́ tẹnu èkejì, ó bi wọ́n ní ìbéèrè díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó tó dá ẹjọ́. Bí o bá rántí bí àgbà ti ń ṣe é, o ti mọ ìdajì iṣẹ́ tí àròkọ yìí ń béèrè. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ti apá kan ṣoṣo, tí kò sì dárúkọ ohun tí apá kejì lè sọ, àgbà òṣìkà ni òun náà lójú olùkọ́ tí yóò máàkì ìwé rẹ̀.

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a mú kókó kan tí ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n tí ó ń tú ilé ká: ọ̀rọ̀ ológbò tí ń rìn kiri àdúgbò.

ÌBÉÈRÈ

"Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń sin ológbò gbọ́dọ̀ máa sé e mọ́lé." Kọ àròkọ láti fi hàn bóyá o fara mọ́ ọ̀rọ̀ yìí tàbí o kò fara mọ́ ọn.

1. MỌ OHUN TÍ WỌ́N Ń BI Ọ́

Ka ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀mejì kí o tó fi bírò kan ìwé. Wọn kò ní kí o ṣe àpèjúwe ológbò, irun imú rẹ̀ àti ìrù rẹ̀. Wọn kò ní kí o ròyìn ọjọ́ tí ológbò jí ẹran nínú ìkòkò ọbẹ̀ ìyá rẹ. Ẹ̀tọ́ ni wọ́n ń bi ọ́ sí: ẹ̀tọ́ ẹni tí ó ní ẹran ọ̀sìn, àti ẹ̀tọ́ aládùúgbò rẹ̀ láti gbé ní àlàáfíà.

Fa ìlà sí abẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wúwo. Nínú ìbéèrè yìí, wọ́n jẹ́ mẹ́ta: "ẹnikẹ́ni", "gbọ́dọ̀" àti "sé e mọ́lé". "Gbọ́dọ̀" ni ó wúwo jù. Ó túmọ̀ sí pé kò sí àyè àforíjì fún ẹnì kankan. Nítorí náà, o lè gbà pé ológbò ń ba nǹkan jẹ́, síbẹ̀ kí o má fara mọ́ dandan tí ìbéèrè náà fẹ́ gbé kalẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá rí "gbọ́dọ̀" yóò máa jà láti fi hàn pé ológbò dára tàbí pé kò dára, ìbéèrè yóò sì kọjá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

2. KÓ ÈRÒ JỌ

Fa ìlà sí àárín ìwé tí o fi ń ṣe àṣesílẹ̀. Kọ ti èkínní sí ọ̀tún, kí o sì kọ ti èkejì sí òsì.

Ohun tí àwọn tí ó fara mọ́ ọn lè sọ:

(a) Ológbò a máa gbé òròmọdìẹ, a sì máa jí ẹja àti ẹran tí kì í ṣe ti olówó rẹ̀.
(b) Ó ń yàgbẹ́ sínú yanrìn tí àwọn ọmọdé ń ṣeré nínú rẹ̀ àti sórí ebè ẹ̀fọ́. Kòkòrò àrùn kan lè wà nínú ìgbẹ́ ológbò tí ó lè pa ọmọ inú aboyún lára.
(d) Àrùn dìgbòlugi kì í mú ajá nìkan. Ó ń mú ológbò pẹ̀lú, ó sì lè ti ara ìgèjẹ rẹ̀ ran ènìyàn.
(e) Oyún ológbò kì í ju nǹkan bí oṣù méjì lọ, ó sì lè bí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Ológbò kan tí a fi sílẹ̀ lè di agbo kí ojú tó mọ́.
(ẹ) Àwọn ìlú kan ti fi òfin sí i. Ní Canberra, olú-ìlú Ọsirélíà, ológbò tí a bá bí láti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2022 kò gbọdọ̀ jáde kúrò ní àgbàlá olówó rẹ̀. Ìwádìí kan tí a gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2013 díwọ̀n pé ológbò tí ń rìn kiri ń pa ẹyẹ tí iye wọn tó bílíọ̀nù 1.3 sí bílíọ̀nù 4 lọ́dọọdún ní orílẹ̀-èdè náà.

Ohun tí àwọn tí kò fara mọ́ ọn lè sọ:

(a) Nítorí èkúté ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń sin ológbò. Ológbò tí a tì mọ́ yàrá kan kò lè lé èkúté tí ó wà ní àjà àti ní ilé ìdáná.
(b) Ilé wa kì í ṣe ilé tí a ń ti fèrèsé rẹ̀ pa tọ̀sán tòru. Ooru kò ní jẹ́.
(d) Bí èkúté bá pọ̀, májèlé ni àwọn ènìyàn yóò sá lọ rà. Májèlé kò mọ ọmọ ènìyàn yàtọ̀ sí ẹran.
(e) Ìlú mìíràn kò sé ológbò mọ́lé, olówó rẹ̀ ni ó di ẹrù lé lórí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2024, ẹni tí ó ní ológbò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí a fi àmì ìdánimọ̀ kékeré sí abẹ́ awọ rẹ̀ kí ó tó pé 20 ọ̀sẹ̀, kí a lè mọ ẹni tí ó ni ín níbikíbi tí a bá ti rí i.

Àkíyèsí: Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a máa kọ ọ́ pé àjẹ́ ni ológbò dúdú, wọn a sì rò pé àwọn ti parí iyàn. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí. Bí a bá ti na ìka àjẹ́ sí ẹni tí ó ní ológbò, ìjà òròmọdìẹ ti di ìjà ẹ̀mí nìyẹn. Bí o bá fẹ́ mẹ́nu ba ìgbàgbọ́ yìí, sọ pé ìgbàgbọ́ àwọn kan ni, kí o sì fi hàn bí ó ti ń sọ ìjà kékeré di ńlá.

3. ÌLAPA ÈRÒ

(i) Ìfáàrà: bí ohun kékeré ti ń dá ìjà sílẹ̀, ibi tí mo dúró sí.
(ii) Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé wa (ìpínrọ̀ méjì, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀).
(iii) Òtítọ́ tí ó wà lẹ́nu àwọn tí ó ní kí a sé ológbò mọ́lé.
(iv) Ìdí tí sísé mọ́lé kò fi lè yanjú ọ̀rọ̀.
(v) Ohun tí ẹni tí ó ní ológbò gbọ́dọ̀ ṣe; ohun tí aládùúgbò gbọ́dọ̀ ṣe.
(vi) Ọ̀rọ̀ májèlé àti ti kóòtù.
(vii) Ìkádìí.

4. ÀPẸẸRẸ ÀRÒKỌ

Ológbò Kò Mọ Ààlà Ilé

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbé àdúgbò rí mọ̀ pé ohun kékeré ni í dá ìjà ńlá sílẹ̀. Ó lè jẹ́ omi ìdọ̀tí tí a dà sí ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn. Ó lè jẹ́ rédíò tí a yí sókè lóru. Ní ilé tí a gbé dàgbà ní Ìbàdàn, ológbò ni. Nítorí ohun tí ojú mi rí níbẹ̀, n kò fara mọ́ ọn pé kí a fi dandan mú gbogbo ẹni tí ó ń sin ológbò láti máa sé e mọ́lé. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ohunkóhun tí ológbò bá bàjẹ́, ẹni tí ó ni ín ni kí ó dáhùn fún un.

Bàbá Télọ̀ ni ó ń gbé yàrá iwájú, Ìyá Ẹlẹ́ja sì ń gbé ọwọ́ ẹ̀yìn. Ní òru ọjọ́ kan, èkúté gé aṣọ òkè tí oníbàárà kan kó fún Bàbá Télọ̀ láti fi rán aṣọ ìgbéyàwó. Bàbá san owó aṣọ náà títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí ó sanwó tán ni ó lọ ra ológbò kan. Kò pẹ́ tí a kò fi gbúròó èkúté ní àjà mọ́. Gbogbo wa ni ó dùn mọ́, àfi ìgbà tí adìẹ Ìyá Ẹlẹ́ja pa ọmọ mọ́kànlá. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, mẹ́rin ni ó kù. Ìyá lọ bá Bàbá Télọ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú ológbò yín so." Bàbá bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá, ṣé ewúrẹ́ ni? Ta ni í so ológbò?"

Ẹ̀rín yẹn ni ó dá ìjà sílẹ̀ ju òròmọdìẹ lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, a bá òkú ológbò náà lẹ́bàá kànga; ẹnì kan ti fi májèlé sínú ẹja fún un. Àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, ni ó jókòó tì í, ó mú ẹja tí ó ṣẹ́kù lọ́wọ́, ó fẹ́ fi í sẹ́nu. Ìyá wa gbá a dànù. Títí di òní, bí a bá ń sọ ọ̀rọ̀ náà, ara ìyá wa a máa gbọ̀n. Bàbá Télọ̀ àti Ìyá Ẹlẹ́ja kò kí ara wọn mọ́ fún ọdún méjì. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, èkúté padà wá, inú apẹ̀rẹ̀ ẹja gbígbẹ Ìyá Ẹlẹ́ja ni wọ́n sì kọ́kọ́ wọ̀.

Àwọn tí ó ní kí a sé ológbò mọ́lé kò purọ́. Ẹni tí wọn kò jẹ òròmọdìẹ rẹ̀ rí ni í sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Òròmọdìẹ méje tí ó bá dàgbà tó láti tà lè san owó ìwé ọmọ. Yàtọ̀ sí èyí, ìgbẹ́ ológbò nínú ebè ẹ̀fọ́ kì í ṣe ohun tí aboyún gbọ́dọ̀ máa fi ọwọ́ kàn, ológbò tí a kò sì gún lábẹ́rẹ́ lè kó dìgbòlugi wọ ilé. Ẹni tí ó bá ń fi irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí rẹ́rìn-ín, bí Bàbá Télọ̀ ti ṣe, ń fi epo sí iná.

Síbẹ̀, sísé mọ́lé kò lè yanjú rẹ̀. Bí Bàbá Télọ̀ bá ti ológbò náà mọ́ yàrá rẹ̀ tọ̀sán tòru, ta ni yóò lé èkúté ní àjà àti ní ilé ìdáná? Àìsí ńlé ológìnní, ilé dilé èkúté. Kì í sì í ṣe aṣọ nìkan ni èkúté ń bàjẹ́. Ní ọdún 1969 ni a kọ́kọ́ mọ ibà Lásà, tí a fi orúkọ ìlú Lassa ní Borno pè; eku ni ó sì ń gbé e wọ ilé, nípa ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ lórí oúnjẹ. Àrùn yìí ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìpínlẹ̀ Òndó. Ológbò nìkan kò lè dá a dúró, a gbọ́dọ̀ máa bo oúnjẹ wa. Ṣùgbọ́n ilé tí ológbò wà kì í rọrùn fún eku.

Kí ni kí a ṣe nígbà náà? Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun kan: òru ni èkúté ń jáde, ọ̀sán ni òròmọdìẹ ń jẹ̀. Bí adìẹ aládùúgbò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pamọ, kí ẹni tí ó ní ológbò máa tì í mọ́lé ní ọ̀sán fún ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ tí àwọn ọmọ náà yóò fi lágbára, kí ó sì tú u sílẹ̀ ní alẹ́. Kí ẹni tí ó ní adìẹ náà máa fi apẹ̀rẹ̀ bo àwọn ọmọ rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Kí a máa fún ológbò ní oúnjẹ, kí ó má baà di olè. Kí a gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bí ó bá jẹ́ akọ, kí a tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Bí ó bá sì pa òròmọdìẹ, kí ẹni tí ó ni ín mú owó dání kí ó lọ bẹ aládùúgbò rẹ̀ kí wọ́n tó wá bá a. Àwọn baba wa ní kí a kọ́kọ́ lé akátá jìnnà kí a tó bá adìẹ wí. Bí Bàbá Télọ̀ bá ti san owó òròmọdìẹ, ẹnu rẹ̀ ìbá gbà á láti sọ fún Ìyá pé kí ó máa bo ọmọ adìẹ rẹ̀.

Ní ti májèlé, kò sí ẹjọ́ tí ó lè dá a láre. Òfin ka mímọ̀ọ́mọ̀ pa ẹran ọ̀sìn ẹlòmíràn sí ẹ̀ṣẹ̀. Ju ti òfin lọ, ẹni tí ó ń ju májèlé sílẹ̀ ní àgbàlá kò mọ ọwọ́ tí yóò ṣà á. Kóòtù pàápàá kì í ṣe ibi tí a ń sáré lọ nítorí ológbò, nítorí a kì í ti kóòtù bọ̀ kí a ṣọ̀rẹ́. Kí a gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ onílé tàbí àgbà àdúgbò nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ òròmọdìẹ kan.

Ní ìparí, n kò gbà pé kí a sé gbogbo ológbò mọ́lé. Ológbò kò mọ ààlà ilé. Ènìyàn ni ó mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ èrè ológbò ní òru, kí ó múra láti san gbèsè rẹ̀ ní ọ̀sán. Bí Bàbá Télọ̀ bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ ọdún mẹ́rin kì bá tí mú májèlé lọ́wọ́.

5. OHUN TÍ O NÍ LÁTI KÍYÈ SÍ NÍNÚ ÀRÒKỌ YÌÍ

(i) Ìpínrọ̀ kìíní ni a ti mọ ibi tí òǹkọ̀wé dúró sí. Má ṣe jẹ́ kí olùkọ́ tí ń máàkì máa wá ibi tí o dúró sí títí dé ìlà ìkẹyìn.

(ii) Ìtàn wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àròkọ oníròyìn kọ́ ni. Ìtàn náà ń jẹ́rìí fún iyàn ni. Wò ó bí òǹkọ̀wé ti padà sí ẹ̀rín Bàbá Télọ̀ àti sí ọmọ ọdún mẹ́rin náà nígbà tí ó ń kásẹ̀ ọ̀rọ̀ nílẹ̀. Bí ìtàn rẹ kò bá ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe, yọ ọ́ kúrò.

(iii) Ó fún alátakò rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ pátápátá kí ó tó dá a lóhùn. Ẹni tí ó bá fi ọ̀rọ̀ alátakò ṣe yẹ̀yẹ́, a ó rò pé kò ní èsì ni.

(iv) Nínú gbogbo ẹ̀rí tí ó kó jọ, kò lò ju díẹ̀ lọ. Kò mẹ́nu kan Canberra tàbí Amẹ́ríkà, nítorí ilé tí ó ń sọ̀rọ̀ lé lórí kò jọ tiwọn. Kì í ṣe gbogbo ohun tí o bá mọ̀ ni o ní láti kọ. Bí ó bá jẹ́ pé o fara mọ́ ọ̀rọ̀ inú ìbéèrè náà ni, àwọn ẹ̀rí méjèèjì yìí ni ìwọ ìbá mú lò.

(v) Òwe mẹ́ta péré ni ó pa, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì bọ́ sí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń da òwe jọ bí ẹni ń da igi jọ yóò pàdánù máàkì.

(vi) Òǹkọ̀wé kò sọ pé Ìyá Ẹlẹ́ja ni ó fi májèlé sílẹ̀. "Ẹnì kan" ni ó wí. Ohun tí o kò bá rí, má ṣe jẹ́rìí sí i.

6. ÀṢÌṢE TÍ ÓO YẸRA FÚN

Má ṣe kọ "ní ọwọ́ kan… ní ọwọ́ kejì". Ọ̀nà tí Òyìnbó ń gbà sọ̀rọ̀ ni ìyẹn. Kọ "bí a bá tún wò ó", "síbẹ̀", "ẹ̀wẹ̀", tàbí "àwọn tí ó lòdì sí i ní".

Má ṣe kọ "nítorí ìdí èyí". Yan ọ̀kan: "nítorí náà" tàbí "ìdí nìyí tí".

Fi àmì sí orí ọ̀rọ̀ rẹ. Ẹni tí ó bá kọ "ejò" níbi tí ó ti fẹ́ kọ "ẹjọ́" ti gbé ẹranko mìíràn wọ inú ọ̀rọ̀ ológbò.

Má ṣe bú ẹnikẹ́ni. "Òpònú" àti "aláìmọ̀kan" kì í ṣe ẹ̀rí.

7. IṢẸ́ ṢÍṢE

(i) Kọ àròkọ láti fara mọ́ ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú ìbéèrè òkè yìí. Rí i dájú pé o dá èrò tí ó sọ pé "òru ni èkúté ń jáde, ọ̀sán ni òròmọdìẹ ń jẹ̀" lóhùn.

(ii) Ewúrẹ́ aládùúgbò yín jẹ ẹ̀fọ́ tí ìyá rẹ gbìn. Kọ lẹ́tà sí i láti fi ẹ̀hónú hàn láìda omi tútù sí ìbágbépọ̀ yín.

(iii) "Ẹran ọ̀sìn ń ba ìbágbépọ̀ jẹ́ ju bí ó ti ń tún un ṣe lọ." Jíròrò.

(iv) Tún ìpínrọ̀ kejì àpẹẹrẹ àròkọ yìí kọ láti ẹnu Ìyá Ẹlẹ́ja. Lẹ́yìn tí o bá kọ ọ́ tán, bi ara rẹ léèrè: ǹjẹ́ ẹjọ́ rẹ ṣì rí bí o ti dá a tẹ́lẹ̀?